Asọ̀rọ̀mágbèsì Tí Ó Ń Gbèsì

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa sọ ọ́. Orúkọ náà sì bá a mu. Àpótí náà á wà lára ògiri, á máa sọ tirẹ̀. Á sọ ìròyìn, á kọrin, á kéde òkú, á polówó ọṣẹ. Bí ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀, kò ní dáhùn. Bí ẹ bú u, kò gbọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó sọ, iṣẹ́ tiwa ni kí a gbọ́.

Ṣùgbọ́n oríṣi rédíò mìíràn wà. Èyí ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gba èsì. Ẹni tí ó jókòó sí ìdí rẹ̀ ní Ìbàdàn lè kí ẹni tí ó wà ní Jámánì, kí ẹni náà sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, láìsí wáyà kankan láàárín àwọn méjèèjì. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Síkáòtù káàkiri ayé máa ń pé jọ sí ìdí irú rédíò bẹ́ẹ̀, wọn a sì máa kí ara wọn láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Jámbórì Orí Afẹ́fẹ́ ni a lè pè é ní èdè wa. Òun ni a fẹ́ ṣàlàyé fún yín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ó kan ẹ̀yin òbí gan-an. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn Síkáòtù ilé ìwé wa ń múra láti lọ sí àgọ́ kan fún Jámbórì Orí Afẹ́fẹ́. A ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìwé ìyọ̀ǹda wá láti ọ̀dọ̀ òbí rẹ̀. Ọmọ káfíńtà kan wà láàárín wọn. Ọwọ́ ọmọ náà gbọ́n. Bí rédíò kan bá bàjẹ́ ní àdúgbò, òun ni wọ́n máa ń pè kí ó wá wo inú rẹ̀. Ọmọ náà kò mú ìwé wá. Bàbá rẹ̀ ni ó wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́, nítorí ó ń lọ sí ibi iṣẹ́.

Bàbá kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọmọ mi ni ó ka ìwé yín fún mi, èmi kò lè kà á. Ó ní kí n tẹ̀ka sí i. Kí n tó tẹ̀ka, ìbéèrè mẹ́ta ni mo mú wá. Èkíní, ta ni ẹni tí ọmọ mi yóò bá sọ̀rọ̀, tí kò ní rí ojú rẹ̀? Èkejì, ṣé ìjọba mọ̀ sí i, kí wọ́n má baà sọ pé ọmọ mi ń ṣe amí? Ẹ̀kẹta, kí ni ọmọ káfíńtà fẹ́ fi í ṣe?"

Ọwọ́ wa dí ní àárọ̀ ọjọ́ náà. A kò tilẹ̀ fún un ní àga. A ní, "Bàbá, ẹ ṣáà tẹ̀ka. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a mọ̀wé ro èyí tí ó jẹ́ ti ìwé."

Bàbá wò wá. Ó gbé ayùn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò tẹ̀ka. Ọmọ náà kò sì lọ sí àgọ́.

Ẹ wò ó, ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó dára. Òbí tí ó gbọ́n ni ó ń béèrè irú wọn. Àwa ni a kò ṣe dáadáa. Ìdáhùn tí ó yẹ kí a fún bàbá náà ní ọjọ́ yẹn ni ẹ ó kà nísinsin yìí.

IBI TÍ Ó TI BẸ̀RẸ̀

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀.

Ní ọdún 1907, ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Robert Baden-Powell kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́ wọn bí a ti ń pàgọ́, bí a ti ń dáná, bí a ti ń tọpa ẹsẹ̀ ẹranko, àti bí a ti ń ran ọmọnìkejì lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Síkáòtù ti ṣẹ̀. Ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà ní ọdún 1915. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àwọn Síkáòtù ti ń kọ́ bí a ti ń fi àsíá àti iná ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà lókèèrè, tí igbe kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ náà pé àádọ́ta ọdún, ní 1957, àwọn Síkáòtù tí ó ju 30,000 lọ pé jọ sí Sutton Park, nítòsí ìlú Birmingham. Irú àpéjọ ńlá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Jámbórì. Láàárín wọn ni a ti rí àwọn tí ó ní rédíò tí ń gbèsì nílé. Ọ̀gbẹ́ni Leslie Mitchell, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kò wù wọ́n kí wọ́n túká kí ó sì tán síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò tún pàdé, ṣùgbọ́n orí rédíò ni àwọn yóò ti pàdé. Ọ̀gbẹ́ni Mitchell ni ó ṣètò rẹ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 1958 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà wá ni ó ti ń wáyé lọ́dọọdún. Òpin ọ̀sẹ̀ kẹta nínú oṣù kẹwàá ni ó máa ń bọ́ sí nísinsin yìí. Láti ọdún 1997 ni wọ́n sì ti fi ti Íntánẹ́ẹ̀tì kún un. Àwọn ọmọ tí ń kópa lọ́dún kan ju mílíọ̀nù kan lọ. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ Gáìdì náà máa ń wà níbẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Òbí mélòó ni ó lè rí owó ọkọ̀ òfurufú tí ọmọ yóò fi lọ sí Jámbórì ní òkè òkun? Ṣùgbọ́n ọmọ olówó àti ọmọ tálákà lè jókòó sí ìdí rédíò kan náà. Ọmọ tí kò tíì kọjá ìlú kejì rí lè bá ọmọ ilẹ̀ Bùràsíìlì sọ̀rọ̀, kí ó sì padà wá sílé jẹ oúnjẹ alẹ́.

TA NI ẸNI TÍ A KÒ RÍ?

Ẹni tí ó ni rédíò yìí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ rédíò. Kì í gba owó lórí rẹ̀. Ìfẹ́ ni ó fi ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn ti fẹ́ràn ayò títa tàbí bọ́ọ̀lù gbígbá. Ó lè jẹ́ dókítà, ó lè jẹ́ mẹkáníìkì, ó lè jẹ́ olùkọ́ tàbí àgbẹ̀. Olólùfẹ́ rédíò ni a ó máa pè é níhìn-ín. Wọ́n wà ní Nàìjíríà náà, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ tiwọn.

Kí olólùfẹ́ rédíò tó la ẹnu, ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ ìpè. Orúkọ ìpè dà bí nọ́ńbà ọkọ̀. Bí ẹ bá ti rí nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ ó mọ ibi tí ọkọ̀ náà ti gba ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí rí. 5N ni ó ń ṣíwájú nínú ti Nàìjíríà, 9G nínú ti Gánà, 5V nínú ti Tógò, TY nínú ti Bẹ̀nẹ̀, G tàbí M nínú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí a tó gba òmìnira ní ọdún 1960, ZD2 ni tiwa. Kò sí ẹni méjì tí ń jẹ́ orúkọ ìpè kan náà ní gbogbo ayé.

Nítorí náà, ẹni tí a kò rí ojú rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a kò mọ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba ilẹ̀ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí, olólùfẹ́ rédíò a máa kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, aago, àti orúkọ ìpè ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún máa ń fi káàdì ránṣẹ́ sí ara wọn, láti jẹ́rìí pé lóòótọ́ ni àwọn jọ sọ̀rọ̀. Ọmọ lè gbé irú káàdì bẹ́ẹ̀ wá sílé, kí ìyá àti bàbá rẹ̀ fi ojú ara wọn kà á.

Síbẹ̀, òótọ́ wà nínú ẹ̀rù tí ń ba bàbá káfíńtà. Ẹni kan ni ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n ẹni púpọ̀ lè máa gbọ́. Nítorí náà ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín kí ó tó lọ. Kí ó sọ orúkọ rẹ̀ kan, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ìlú rẹ̀. Ìyẹn tó. Kí ó má sọ ojúlé tí a ń gbé. Kí ó má sọ nọ́ńbà tẹlifóònù. Kí ó má sọ ìgbà tí bàbá tàbí ìyá kì í sí nílé.

ṢÉ ÌJỌBA MỌ̀ SÍ I?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìjọba mọ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ra rédíò yìí lọ́jà kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ó ti wù ú. Ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó ní láti yege nínú ìdánwò kí wọ́n tó fún un.

Òfin sì wà tí ó dè é. Kò gbọ́dọ̀ fi rédíò náà ṣòwò. Kò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá jẹ́ iṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ fi ẹnà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára amí. Amí ń sọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́. Olólùfẹ́ rédíò ń sọ̀rọ̀ ní gbangba, kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ lè gbọ́.

Ọmọ Síkáòtù tí kò ní ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ dá wà nídìí rédíò náà. Ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ni yóò jókòó tì í. Òun ni yóò pe àwọn ará òkèèrè, tí yóò sì sọ orúkọ ìpè. Lẹ́yìn náà ni ọmọ yóò kí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òfin ilẹ̀ kan le ju ti èkejì lọ lórí èyí, ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ sì ni ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n bá mú ìwé ìyọ̀ǹda wá sí ilé yín, ẹ kà á dáadáa, kí ẹ sì béèrè nǹkan mẹ́rin:

1. Ta ni ó ní ìwé àṣẹ rédíò náà? Ṣé a lè rí ìwé náà?

2. Àwọn àgbà wo ni yóò wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, tọ̀sán-tòru?

3. Níbo ni wọn yóò ta wáyà rédíò sí? Ṣé ó jìnnà sí wáyà iná mànàmáná? Bí òjò bá ṣú, tí àrá ń sán, ta ni yóò pa rédíò, tí yóò sì kó àwọn ọmọ kúrò nídìí rẹ̀?

4. Aago mélòó ni àwọn ọmọ yóò padà dé, ta ni yóò sì mú wọn wá sílé?

Ẹni tí ó bá bínú nítorí ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ má buwọ́ lu ìwé rẹ̀.

BÍ Ọ̀RỌ̀ TI Ń RÌN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń wí pé, "Láìsí wáyà, báwo ni ohùn ṣe lè rìn láti ibí dé Jámánì?" Ìbéèrè gidi ni.

Bí ẹ bá ju òkúta sínú odò, ẹ ó rí i tí ìgbì ń tàn káàkiri láti ibi tí òkúta bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni rédíò ṣe ń rán ìgbì jáde láti ara wáyà kan tí a ta sókè. Èríàlì ni wọ́n ń pe wáyà náà. Ojú kò lè rí ìgbì rédíò. Kò sì nílò omi tàbí afẹ́fẹ́ kí ó tó rìn. Eré rẹ̀ tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá sọ pé kí ó yí ayé po, ó lè yí i po nígbà méje kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó tán.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tààrà ni ìgbì yìí fẹ́ràn, ayé sì rí roboto bí ọsàn. Ó yẹ kí ìgbì náà fò kọjá lọ sí òkè ọ̀run, kí ó má sì dé Jámánì rárá. Kí ni ó ń dá a padà?

Lókè orí wa lọ́hùn-ún, láti nǹkan bí 60 kìlómítà lọ sókè, afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ púpọ̀. Agbára oòrùn ń mú kí iná mànàmáná wà lára afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí. Fún àwọn ìgbì rédíò kan, ibẹ̀ dà bí àjà ilé. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ wà ní yàrá kan tí wọ́n fi ògiri pín sí méjì, tí ògiri náà kò sì kan àjà. Ẹ kò rí ẹni tí ó wà ní òdìkejì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ju bọ́ọ̀lù lu àjà, ó lè ta bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì rédíò ṣe ń lu àjà òfurufú, tí ó ń padà wá sílẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, tí ó tún ń ta sókè, tí ó tún ń padà. Bí ó ti ń ta bẹ́ẹ̀ ni ó fi ń dé òdìkejì ayé.

Nítorí pé oòrùn ni ó ń ṣe àjà yìí, kò dúró lójú kan. Ti ọ̀sán yàtọ̀ sí ti òru. Ìgbì kan ń rìn jìnnà ní ọ̀sán, òmíràn ń rìn jìnnà ní òru. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè gbọ́ pé àwọn Síkáòtù jí ní aago mẹ́ta òru láti lọ jókòó sí ìdí rédíò. Kì í ṣe ohun ìfura. Wọ́n ń ṣọ́ ìgbà tí ọ̀nà là ni, bí ọlọ́jà ti ń ṣọ́ ọkọ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́.

Agbára tí rédíò náà ń lò kò sì pọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń lo 100 wáàtì láti ránṣẹ́, bí ti gílóòbù iná àtijọ́ kan. Bátìrì ọkọ̀ lè gbé e. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ bátìrì yìí, a ó padà sí i.

ÁBÍDÍ LÓRÍ RÉDÍÒ

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìwé mọ̀ pé bí, dí, gí àti tí máa ń jọ ara wọn létí. Nínú ariwo rédíò, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà wọ́n fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. A ni Alfa, B ni Bravo, D ni Delta, E ni Echo. Ọmọ tí ń jẹ́ Adé á ní, "Alfa, Delta, Echo." Alfa yìí kì í ṣe alfa tí ń ké kéwú o! Ọmọ ilẹ̀ Jàpáánì tí kò gbọ́ Yorùbá rí, tí kò sì rí Adé rí, á kọ orúkọ náà sínú ìwé rẹ̀ láìṣì í kọ.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Wọ́n ń pè é ní Morse, nítorí Samuel Morse, ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó fi ránṣẹ́ lórí wáyà láti Washington dé Baltimore ní ọdún 1844. Nínú Morse, kò sí ohùn ènìyàn. Ìró méjì péré ni ó wà, kúkúrú àti gígùn. Ẹ jẹ́ kí a pe kúkúrú ní "ti", kí a pe gígùn ní "tàá". Díẹ̀ nínú rẹ̀ nìyí:

A: ti-tàá
D: tàá-ti-ti
E: ti
O: tàá-tàá-tàá
S: ti-ti-ti
T: tàá

Àwa Yorùbá kò gbọdọ̀ yanu sí èyí. Gángan ti ń bá wa sọ̀rọ̀ láìlo ẹnu láti ayébáyé. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà. Gángan ń tẹ̀lé òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn wa, nítorí náà ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè mọ ohun tí ó ń wí. Morse ń tẹ̀lé lẹ́tà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ábídí lè kọ́ ọ, láti ilẹ̀kílẹ̀ tí ó bá ti wá. Ìwé kíkà ni ìlẹ̀kùn rẹ̀, ẹ̀yin sì ti wọ ẹnu ìlẹ̀kùn náà.

Ìwà tún wà tí ó bá ọ̀rọ̀ rédíò yìí lọ. Èkíní, ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́tí sílẹ̀, kí ó mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Èkejì, bí ó bá ti sọ tirẹ̀ tán, á ní "over", bí ẹni tí ó wí pé, "ó kù sọ́wọ́ rẹ." Á wá dákẹ́. Ní ìgbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kò lè gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń wí. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ rí i pé ẹ̀kọ́ yìí kò pin sórí rédíò.

KÍ NI ỌMỌ KÁFÍŃTÀ FẸ́ FI Í ṢE?

Ìbéèrè kẹta nìyí, òun ni ó wúwo jù.

Èkíní, iṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tí yóò gbé èríàlì ró gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń rí òpó mọ́lẹ̀, bí a ti ń so okùn tí kò ní já, bí a ti ń wọn wáyà kí ó má gùn jù kí ó má sì kúrú jù. Iṣẹ́ tí ọmọ káfíńtà ti rí lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá mọ inú rédíò kan lè mọ inú òmíràn, ó sì lè di iṣẹ́ fún un.

Èkejì, ó lè gba ẹ̀mí là. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2004, obìnrin kan tí ń jẹ́ Bharathi Prasad kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Port Blair, ní àwọn erékùṣù Andaman, láti fi rédíò kí àwọn olólùfẹ́ rédíò káàkiri ayé. Ìfẹ́ rédíò ni ó gbé wọn débẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun. Òkun ru, ó ya bo etí omi ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Àwọn tí ó kú ju 200,000 lọ. Ní àwọn erékùṣù náà, iná lọ, tẹlifóònù dákẹ́. Àwọn ará ilé tí ó wà lókèèrè kò mọ ẹni tí ó yè àti ẹni tí ó kú.

Rédíò àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò dákẹ́. Wọ́n fi ìkíni sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn tí ó wà láàyè ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Íńdíà, kí ọkàn ará ilé wọn lè balẹ̀. Ẹ wá rí ìwúlò pípe orúkọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tí ń kọ ọ́ bá ṣi orúkọ kọ, ìdílé kan lè máa ṣọ̀fọ̀ ẹni tí kò kú. Ẹ sì rántí bátìrì ọkọ̀. Nígbà tí iná bá lọ ní gbogbo ìlú, ẹni tí ó ní rédíò, bátìrì àti wáyà kan lè máa bá ayé sọ̀rọ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ọdún 2017, nígbà tí ìjì líle tí wọ́n pè ní Maria ba Puerto Rico jẹ́. Ẹgbẹ́ Red Cross ti Amẹ́ríkà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wá àádọ́ta olólùfẹ́ rédíò tí yóò lọ ṣe ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ó ń la ojú ọmọ. Ní ọdún 1983, Owen Garriott, ará Amẹ́ríkà, mú rédíò kékeré kan lọ sí òfurufú. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá àwọn olólùfẹ́ rédíò sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn Síkáòtù a máa fi irú rédíò yìí bi àwọn tí ń gbé inú ilé ńlá tí ń yí ayé po lókè léèrè ọ̀rọ̀. Ilé náà wà ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè. Ó ń yára kọjá, nítorí náà ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n máa ń ní. Ọmọ tí kò bá ti kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ kí àkókò tó tó, ilé náà á ti kọjá lọ.

BÀBÁ KÁFÍŃTÀ PADÀ WÁ

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a fi iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé sílẹ̀, a bọ́ sí iṣẹ́ ẹ̀kọ́ àgbà. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní tí a ṣí kíláàsì, ta ni a rí lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn? Bàbá káfíńtà ni. A gbé àga wá fún un. A bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo kíláàsì nítorí ọ̀rọ̀ tí a sọ sí i. Ó ní, "Ọ̀gá, ó ti tán." Nígbà tí kíláàsì parí, a jókòó tì í, a sì dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ẹ ti kà á yìí.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó dé." Ọmọ rẹ̀ ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Èkó. Ìgbà Síkáòtù ti kọjá lórí rẹ̀. A kò lè dá ọdún náà padà fún un.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwa gan-an jẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. A sọ tiwa, a kò gba èsì.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ní àbúrò obìnrin. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tí ó tẹ̀ lé e, a mú ìwé ìyọ̀ǹda mìíràn wá fún bàbá. Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bi wá léèrè ibi tí wọn yóò ta wáyà sí. Ó bi wá léèrè aago tí ọmọ yóò padà dé. A dá a lóhùn. Ó ní kí a fún òun ní bíírò.

Kò tẹ̀ka. Ó kọ orúkọ rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.

Ẹ DÁN ÈYÍ WÒ

1. Ẹ fi "ti" àti "tàá" kọ ADE, kí ẹ sì fi ọwọ́ lù ú sórí tábìlì. Kí ẹnìkejì yín sọ orúkọ tí ó gbọ́.

2. Kí ni ó yà olólùfẹ́ rédíò sọ́tọ̀ kúrò lára amí?

3. Ìbéèrè mẹ́rin wo ni ó yẹ kí òbí béèrè kí ó tó buwọ́ lu ìwé ìyọ̀ǹda?

4. Ẹni méjì kí ó dìde ní kíláàsì, kí wọ́n sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó wà lórí rédíò. Kí ẹnìkan má sọ̀rọ̀ títí ẹnìkejì yóò fi ní "over".